Ẹ̀rí Kì Í Ṣe Àṣẹ

Àǹtí Awojú ni àwọn aláìsàn ń pè é, torí òun ló ń yẹ ojú wọn wò ní ilé ìwòsàn tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa.

Ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó wọn pé "sáátífáìdì" ni àwọn, pé àwọn ní ìwé ẹ̀rí. Bàbá rẹ̀ rí i, ó ní ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nígbà tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, akọ̀wé ibẹ̀ wo ìwé rẹ̀, ó rọra dá a padà.

"Àǹtí, ìwé ẹ̀rí lẹ mú wá. Láísẹ́ǹsì la bèèrè."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ìwé ẹ̀rí ní ẹ ti kọ́ṣẹ́. Láísẹ́ǹsì ló ní kí ẹ máa ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣèdánwò rẹ̀ nígbà náà."

"Ẹni tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ àkírédítẹ́ẹ̀dì, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, nìkan ló lè ṣe é. Tiyín ò sí níbẹ̀."

"Wọ́n kọ sáátífáìdì sára pátákó."

"Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́, mà."

Ó padà sọ́dọ̀ dókítà tó ni ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun á wo ojú, dókítà á fọwọ́ sí i bí ẹni pé dókítà fúnra rẹ̀ ló wò ó. Bí àwọn alábẹ̀wò ìjọba bá sì ń bọ̀, wọ́n á ti Àǹtí mọ́ yàrá ẹrù.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sáàárín páálí férémù awò ojú, òógùn bò ó, ló bá gbọ́ ohùn ìyá àgbàlagbà kan níta.

"Ọmọ mi tó ń wo ojú mi ń kọ́?"

"Kò wá lónìí, mà," dókítà fèsì.

"Ṣé kò rẹ̀ ẹ́? Ẹ bá mi kí i."

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí n lọ sílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Màá máa wá nírọ̀lẹ́."

"Ta ni yóò máa wojú láàárọ̀? Àbí mo fìyà jẹ ọ́ ni?"

Kò fìyà jẹ ẹ́. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Bó bá lọ, kò síbi tí wọ́n á ti gbà á síṣẹ́ tí yóò fi rówó ilé ẹ̀kọ́ san. Bó bá dúró, kò ní dẹni tí wọ́n lè gbà láé. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í ohun tí dókítà wí.

"Ó ní òun ò fìyà jẹ mí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu omi fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó nu àwọn gíláàsì, ó pe ẹni tó kàn wọlé.