Gíìgì Méjì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Jí

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní olè ní Sábó, lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn oníbàárà wọn, nítorí mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni ò jí.

Fídíò ni mo ń ṣe. Àwọn onídìrí àti aránṣọ ní Mushin níbí máa ń pè mí kí n ya iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí n gé e, kí n fi orin sí i, kí wọ́n lè fi polówó lórí fóònù. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà dúró, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ mi ní fídíò. Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fóònù ò gba iṣẹ́ mọ́, mo ní màá ra kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń dárúkọ ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó owó ilé ọdún méjì. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní bí mi ò bá lè ra irú ẹ̀, kí n má wulẹ̀ dáwọ́ lé e, pé iṣẹ́ ọmọ olówó ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ta ló fi í ṣe ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún èèyàn?

Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn ohun tí mo bi wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí yìí ni, tí wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ní Sábó. Wọ́n bi mí léèrè iye tó wà lọ́wọ́ mi, mo sọ ọ́, wọn ò sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má ra láptọ́ọ̀pù rárá. Wọ́n ní kí n wá kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ọ́fíìsì kan ti lò sílẹ̀, èyí tó rí gbàngbà bí àpótí, torí pé inú rẹ̀ ṣeé ṣí, mo lè máa fi nǹkan kún un bí owó bá ṣe ń wọlé. Èmi rò pé èyí tó ń gba eruku ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n fẹ́ tà fún mi. Mo lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ kan níbòmíì, kí n lè máa gbé e káàkiri, káyé rí mi.

Gíìgì mẹ́rin péré ni mẹ́mọ́rì rẹ̀. Bí mo bá ti kó fídíò tó nípọn díẹ̀ sínú rẹ̀, á kàn dúró, á máa wò mí. Mo ra gíìgì mẹ́rin sí i, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kí wọ́n bá mi fi í sí i. Wọn ò bú mi pé mi ò gbọ́ tiwọn. Wọ́n fi í sí i, mo sanwó iṣẹ́, mo gbé e délé. Mo wá ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń kọ iye mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ mẹ́jọ. Ó ní mẹ́fà dín díẹ̀ lòun lè lò.

Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àwọn tó ń yọ ojúlówó nínú ẹ̀rọ oníbàárà, tí wọ́n ń fi gbàrọgùdù rọ́pò. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ̀gbọ́n ti mú mẹ́rin mi, wọ́n fi méjì sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo bá oníbàárà mẹ́ta níwájú wọn.

"Àbúrò, jókòó ná," ẹ̀gbọ́n wí.

Mo ní mi ò jókòó. Mo ní kí wọ́n kó gíìgì méjì mi jáde. Wọ́n tú ìdí ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wa, wọ́n fa mẹ́mọ́rì yọ, wọ́n fi bébà tó wà lára rẹ̀ hàn mí: mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ bébà, ẹnikẹ́ni lè kọ mẹ́rin. Ọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Ẹ yàgò o, ọ̀gá oníṣirò dé." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá kún ìbínú mi. Ẹnu tí mo fi ń pe ẹ̀gbọ́n ní "ẹ" láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n yí padà.

"Ìwọ lo mú un," mo wí. "Olè ni ọ́."

Ẹ̀gbọ́n dá mẹ́mọ́rì náà padà sáyè rẹ̀, wọ́n sì dé ìdí ẹ̀rọ. Ìyá kan tó gbé láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ wá dìde, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, ó sì gbé láptọ́ọ̀pù náà dání. Ẹni kejì tẹ̀lé e.

Láptọ́ọ̀pù tèmi yọ mí lẹ́nu títí ó fi kú. Mo wá ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n ní kí n ṣe níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mi ò lójú tí mo lè fi lọ bá wọn. Mo ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí ọ́fíìsì kan ní Yaba ń kó dànù. Kò nídèérí lápá kan, ìlà aláwọ̀ ewé kan sì gba àárín ojú rẹ̀ kọjá. Mo fi dísìkì kékeré tó ń yára sí i fún iṣẹ́, mo ra ńlá fún ìpamọ́. Ó ku káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n ná owó lé e lórí. Mo lọ bi àǹtí kan tó ń gbé lókè ilé wa, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì oníkọ̀ǹpútà.

Àǹtí ní ẹ̀rọ tí kò bá ní káàdì tirẹ̀, inú mẹ́mọ́rì tó bá wà nílẹ̀ ló ti máa ń gé díẹ̀ fún àwòrán ojú rẹ̀.

"Bóo bá fi mẹ́jọ sí i," wọ́n ní, "ó lè ya méjì sọ́tọ̀, kó ní mẹ́fà lo lè lò."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn: láptọ́ọ̀pù tèmi ò ní káàdì tirẹ̀, inú rẹ̀ ni gíìgì méjì mi wà látìgbà yẹn.

Mo ra káàdì náà, àlòkù. Orí ẹ̀rọ yìí ni mo ń ṣiṣẹ́ dòní, mi ò sì tijú rẹ̀. Fídíò tó bá wúwo, màá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó fúyẹ́, òun ni màá fi gé e, ìgbà tí mo bá gé e tán ni màá dá ojúlówó padà sáyè rẹ̀. Kí ẹni tó sọ pé iṣẹ́ ọmọ olówó ni wá wò ó. Oníbàárà kan wọlé, ó wo àpótí tí kò nídèérí, ó wo fáànù tí mo kọjú sí i, ó ní ṣé èyí ni màá fi ṣe tòun. Mo ní, "Oníbàárà mi, fídíò lẹ máa gbé lọ, ẹ ò ní gbé ẹ̀rọ lọ." Ó jókòó. Ó ti padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nítorí ẹ̀rọ, mi ò ní tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Nítorí ẹnu mi ni mo fi lọ sí Sábó.

Aago méje àárọ̀ ni mo débẹ̀, káwọn yòókù tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àsìkò yẹn ni. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì, mo sọ ohun tí mo ti wá mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, òun làwọn fẹ́ ṣàlàyé táwọn fi ní kí n jókòó. Wọ́n fà mí dìde.

"Ṣé aago méje lo wá pè mí lólè?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi ti gbọ́ tèmi. Èmi nìkan kọ́ lo sọ ọ́ fún."

Wọ́n ní ìyá ọjọ́sí ò padà wá. Wọ́n ní Gíìgì Méjì ni oníṣájà ń pe àwọn láti ọjọ́ náà, kódà ẹni tí kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ti ń pe àwọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀gbọ́n ti dárí jì mí, kí n fi sílẹ̀, pé ta ló ń dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò. Mo ní èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ lọ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀kínní, mo kí wọn, èrò pọ̀, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń ra okùn ṣájà tí mi ò nílò. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò tiẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì jẹ ẹ̀gbọ́n ní gbólóhùn kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ sókè lójú oníṣájà àti gbogbo ẹni tó bá jókòó: pé wọn ò jí nǹkan kan.