Ìwé Ìròyìn fún Ẹni Tó Ń Gbé Bíà

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń kí mi káàárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bépanda, àdúgbò kan ní Douala. Ẹ̀yìn ògiri wa gan-an ni ilé búrẹ́dì wà, ebi á ti máa pa mí kí n tó jókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nígbà náà ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kotto ni mò ń gbé, Faransé tí mo gbọ́ ò sì ju "bonjour" lọ. Ṣùgbọ́n ká sọ ti kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mi ò ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́ fún ọ.

Wàhálà mi ni àpótí dúdú kan, ẹ̀rọ tí à ń kó fọ́tò gbogbo oníbàárà pa mọ́ sí. Bó bá ti di ọ̀sán, á kàn kú lójijì. Tá a bá tún un tàn, kò ní rántí ohun tó ṣe é, torí inú ara rẹ̀ ló ń kọ ìròyìn ara rẹ̀ sí, bó bá sì ti kú, ìròyìn ti bá a lọ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, wò mí títí, ó ní, "Tó bá ṣì ń kú títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá wá ẹlòmíì o." Ta ni mo tún mọ̀ ní Douala?

Ọgbọ́n kan ló kù: kí àpótí náà máa fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù bó ṣe ń kọ ọ́, kó tó kú. Àmọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo ètò inú rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti béèrè. Nígbà tọ́rọ̀ dójú ẹ̀, mo pe ọmọbìnrin ọ̀gá wa, ẹgbẹ́ mi ni, Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń tiro. Ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó lajú sí mi.

"Ó ní kó o fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí… ẹni tó ń gbé bíà wá fún èèyàn."

"Bíà kẹ̀?"

"Serveur! Àbí kí lẹ̀ ń pè é?"

Háà! Mo wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Orúkọ kan náà ni àwọn Faransé fún agbọ́tí àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù, "journal" tó sì pè ní ìwé ìròyìn ni ìròyìn tí ẹ̀rọ ń kọ nípa ara rẹ̀. "Sáfà ni!" ni mo pariwo. Ẹ̀rín ò jẹ́ ká tètè tẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ sáfà wa, sí i.

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń mú, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ń wọlé: ara mi ń gbóná, ó tún gbóná sí i, mo fẹ́ sinmi kí n má bàa jóná. Mo sáré lọ fọwọ́ kan ògiri tí àpótí náà fara tì. Yéè! Ààrò búrẹ́dì ló wà lódì kejì. A gbé àpótí lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sì kú mọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún pé, ọ̀gá ju kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí mi lọ́wọ́. "Ìwọ ni kó o máa ṣí i láàárọ̀." Inú mi dùn débi pé mo ti fẹsẹ̀ rìn dé Ndogbong lójú ọ̀nà ilé kí n tó rántí pé ó yẹ kí n gun ọ̀kadà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi pé ẹni tí mo bá bi léèrè lè di ọ̀rẹ́ mi.