Ọ̀wẹ̀ Àna àti Apá Kejì Fíìmù Pẹ́pẹ́yẹ

Níbikíbi tí òórùn èso kajú tó ti rọ̀ bá ti gba imú mi, yàrá fídíò Manigri ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Má ro ohun ńlá o. Ilé alámọ̀ kan ni, tí wọ́n ń kó kóró kajú sí nígbà ìkórè, tí wọ́n wá gbé tẹlifíṣọ̀n ka orí tábìlì nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ dí ojú fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má baà wọlé. Òórùn èso tó fẹ́ di ọtí wà níbẹ̀, èéfín epo ẹ̀sáǹsì láti ara gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń pariwo lẹ́yìn ilé kí a lè ríná lò wà níbẹ̀, òórùn àwa èèyàn tí a há mọ́ra náà sì wà níbẹ̀. Inú yàrá yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́.

Nígbà yẹn, mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Bassila, ìlú tí kò jìnnà sí Manigri tiwa. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Anii ni èdè ilé wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nago, èdè tiwa, yékéyéké. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń dáko ní Manigri, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu wá fún mi, ẹni tí kò rántí rí pé mo máa ń jẹun. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ojú rẹ̀ kì í sí lára mi tó bá ń sọ iṣu kalẹ̀. Inú mi dùn sí i, nítorí ọmọ náà wù mí ní ìyàwó ilé wa, iṣu náà sì dára.

Ní ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́yàwó máa ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ọmọ. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Ojú ebè ni bàbá ọmọ ti máa ń wo irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ yìí kò ní oko kankan. Òun ló ni yàrá fídíò ní Bassila, àwo fíìmù ló fi ń jẹun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká àti àwọn ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, bàbá wo ọkọ́, ó wo àwọn ọ̀rẹ́, ó wá nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

"Oko mi nìyí," ó ní. "Wá bá mi ro ó."

Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n máa gbé fíìmù wá hàn ní Manigri lọ́jọ́ ọjà wa, kí ẹ̀gbọ́n mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa yí Faransé rẹ̀ sí Nago fún àwọn èèyàn. Iṣẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ni kí wọ́n gbé gúrúpù sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń ráhùn pé ebè kì í jó èèyàn lẹ́sẹ̀ bíi gúrúpù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Faransé. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, Faransé náà sì kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn. Fíìmù àwòrán àfọwọ́yà kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, nípa bàbá pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ la orí òkè kọjá lọ sí ibi adágún omi. Fíìmù yẹn rẹwà, mi ò ní purọ́. Omi inú rẹ̀ ń dán, o lè rí afẹ́fẹ́ nínú ìyẹ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ, àwọ̀ funfun kan sì yí bàbá wọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ní òpin rẹ̀, bàbá náà fò lọ sínú ojú ọ̀run tó pọ́n, kó lọ mú àwọn tó kù lẹ́yìn wá. Faransé ẹ̀gbọ́n mi kò dé ibẹ̀. Ó gbọ́ orin tó ń ṣọ̀fọ̀, ó rí ojú ọ̀run tó pọ́n, ó sì sọ fún gbogbo yàrá pé, "Bó ṣe kú nìyẹn."

Ẹkún sọ. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí ìyá wa, dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sì kí àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Bàbá Bassila, bàbá ọmọ, kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo èyí, ẹ̀yìn ilé ló wà lọ́jọ́ náà, tí gúrúpù ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kàn rí i pé àwọn èèyàn jáde pẹ̀lú ojú pupa, tí wọ́n ń béèrè ìgbà tí yóò tún padà wá. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi pé ó káre, ó sì lọ wá apá kejì.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa apá kejì wọ̀nyí, nítorí mo ti wo púpọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tó ń ṣe wọ́n kì í gbé wọn lọ sí ilé sinimá. Orí àwo ni wọ́n máa ń gbé wọn sí tààrà kí wọ́n lè tà wọ́n kíákíá, ìkánjú náà sì máa ń hàn, bí aṣọ tí wọ́n fi àgékù rán, tí apá kan gùn ju èkejì lọ. Nínú fíìmù pẹ́pẹ́yẹ kejì yìí, adágún omi kò mì rárá, bí ẹni pé wọ́n tẹ́ aṣọ búlúù sílẹ̀. Igi kan náà ń kọjá lẹ́yìn wọn lemọ́lemọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní ohùn bàbá pẹ́pẹ́yẹ, ẹni tó yà á sì ti gbàgbé àwọ̀ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Torí pé bàbá pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Fíìmù kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí òkú tí gbogbo Manigri ti sunkún fún fi jókòó sórí koríko, tó ń jẹ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ yìí, bàbá Bassila wà nínú ilé pẹ̀lú wa, lórí àga níwájú, nítorí ó ní òun fẹ́ wo iṣẹ́ àna òun. Èmi àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí òógùn lójú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta nìyẹn?" ìyá àgbà wa bi í.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí pẹ́pẹ́yẹ náà. "Àbúrò rẹ̀ ni, ìyá."

Mo rò pé ó parí fún un. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wo ọrùn pẹ́pẹ́yẹ náà, wọn ò rí funfun. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í ṣe ohùn ẹni àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ń pè é ní "papa", kò sì sí ẹni tí kò mọ ìyẹn ní Manigri. Ìyá àgbà wa mi orí. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ó ní. "Àbúrò bọ́ sí ipò ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ ń pè é ní bàbá. Ilé tó ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti wá." Gbogbo ohun tí àwọn tó ya fíìmù náà ṣe láìbìkítà ló wá di ẹ̀rí fún irọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ kejì yìí, òpònú ni. Ó sọ oúnjẹ nù, ó ṣìnà, ó jókòó lé ẹyin ẹlẹ́yin. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe é, ẹnì kan á sọ nínú òkùnkùn pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀." Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní wọn ì bá ti kó àwọn ọmọ náà fún ìyá wọn. Ẹ̀rín ń dún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ata sí i: "Ẹ wò ó, ó tún ti da oúnjẹ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nù. Ilé ẹni rere ti bàjẹ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. Bàbá rẹ̀ ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá kọ́ ló bí mi," ọmọbìnrin náà sọ ọ́ sí mi létí. "Ẹ̀gbọ́n wọn tó kú ló bí mi. Láti kékeré mi ni àwọn ará ilé ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí wọn. Tí wọ́n bá kan ìṣó, ẹ̀gbọ́n wọn ì bá kàn án dáadáa. Tí mo bá wúkọ́, ẹ̀gbọ́n wọn kò ní jẹ́ kí n wúkọ́."

Mo yọ́ dé iwájú bí ẹni tó fẹ́ tún wáyà ṣe, mo sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dúró, ó ya ẹnu sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló wí?" ìyá àgbà wa béèrè.

Lójú gbogbo wa, pẹ́pẹ́yẹ ré bọ́ sínú àgbá ìyẹ̀fun. Èmi gbọ́ Faransé níwọ̀nba. Ohun tó ń sọ ni pé, níbo ni fìlà mi wà?

"Ó ní," ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú. Ó ní bóyá bí òun bá ṣubú, wọ́n á rẹ́rìn-ín."

Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá wọn rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Pẹ́pẹ́yẹ wá bá ọ̀pọ̀lọ́ kan jà lójú ọ̀nà, fìlà náà ni wọ́n ń jà sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ní òun ò mọ ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n, kò sì ráyè sọ ọ́ fún òun kó tó lọ. Ṣùgbọ́n òun ò lè jókòó kí ebi máa pa àwọn ọmọ." Ìyá àgbà wa tú gèlè, ó fi nu ojú. Nígbà tí wọ́n dé etí aṣọ búlúù tí wọ́n ń pè ní omi, tí pẹ́pẹ́yẹ gbójú sókè tó pariwo nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wá wò wọ́n. Gbogbo wọn pé." Ọkùnrin tó fẹ́ kó wọn fún ìyá wọn fun ikun imú rẹ̀, mo gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, bàbá pe ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúrúpù tí wọ́n ti pa. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. Àwa obìnrin méjèèjì dúró lọ́nà jíjìn díẹ̀, ibi tí a ti lè gbọ́.

"Mo gbọ́ Faransé," bàbá ní.

"Mo mọ̀, bàbá."

"Fìlà ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn ń wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ náà kò yẹjú. "Fíìmù náà kò dára," ó sọ níkẹyìn. "Mo ti mọ̀ kí n tó gbé e wá. Ẹni tó yà á kò lè ya omi. Ṣùgbọ́n bí o ṣe túmọ̀ rẹ̀ yẹn, wá tún un ṣe ní Bassila. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé mi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn àgbà yín máa bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ Anii. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ rẹ̀ ṣe gba ẹnu méjì ní Bassila: ó ń sọ ọ́ ní Nago, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń yí i sí Anii, àwọn ẹbí bàbá sì kún yàrá náà. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ọmọbìnrin náà kò dúró de ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ju ohun tí pẹ́pẹ́yẹ sọ lọ dáadáa, gbogbo yàrá sì yíjú sí bàbá. Bàbá tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé omi ibẹ̀ ń dán. Èmi náà ò gbọ́ Anii, mi ò sì mọ ohun tí ọmọ náà sọ títí di òní. Ó ti jẹ́ ìyàwó ilé wa láti ìgbà náà, mo ti bi í, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń wo tiwọn, wọ́n á sì máa bi mí bóyá apá kejì tó ti ìṣáájú. Òtítọ́ ni mo máa ń sọ fún wọn: kò tó o, ó ṣọ̀wọ́n kó tó o. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó pọ̀ nínú yàrá láti wò ó, mi ò lè bú fíìmù náà lójú èèyàn mọ́, nítorí mi ò mọ èwo nínú àwọn tó jókòó tì mí ló ń gbé ní ipò ẹni tó ti lọ, tí wọ́n sì ń fi wé e lójoojúmọ́.