Bàsíà Létí Odò

Òórùn koríko tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu ló máa ń gbé mi padà sí ilé wa ní ìlú Calumet City lókè òkun, ní òwúrọ̀ Sátidé kan nígbà ooru. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé náà, ó sì ń jẹ ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Fẹ́ǹsì ti wó sínú rẹ̀. Iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni màmá mi fi ra ilé yẹn, ẹ̀rù sì ń bà wá pé odò á gbé e lọ.

Miss Carol, onímọ̀ nípa odò tí wọ́n rán sí àdúgbò wa, ló kọ́ bàbá mi àtàwọn aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń gbin ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá mú níbẹ̀, wọ́n á gbìn ín dé ìsàlẹ̀ odò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín, màmá mi ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru, èmi wà nílé ẹ̀kọ́.

Sátidé yẹn ni Miss Carol ń bọ̀ wá wò ó. Màmá mi dé láti iṣẹ́ òru, wọn ò tilẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́, wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì mi orí.

"Fọlákẹ́, lọ gbé rake wá. Visitor ò gbọdọ̀ bá bush lẹ́yìn ilé wa."

Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tó gbálẹ̀ de àlejò ti kí i káàbọ̀ tán. Wọ́n mọ̀ pé bàbá mi gbin nǹkan síbẹ̀, àmọ́ òdòdó ni wọ́n ń retí láti rí. Koríko gíga ni wọ́n rí, wọ́n sì gbà pé èpò ló bo òdòdó náà mọ́lẹ̀. A fà á tu títí bèbè odò fi mọ́ bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Inú mi dùn, torí pé màmá mi kì í sábà ráyè bá mi ṣe nǹkan.

Nígbà tí bàbá mi dé, wọ́n káwọ́ lérí. "Ìyá Fọlákẹ́, àwọn plants yẹn dà?"

Màmá mi wo òkìtì koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ojú tì mí nítorí wọn, pàápàá nígbà tí mọ́tò Miss Carol yà wọlé. Màmá mi dìde, wọ́n ṣàlàyé fún un pé nítorí rẹ̀ làwọn ṣe fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́.

Miss Carol mú ewéko kan nínú òkìtì náà, ó fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, ó ní ó ṣì tutù. Ó wá bèèrè bóyá a ní bàsíà.

Gbogbo bàsíà ilé la kó jáde, títí kan èyí tí a fi ń rẹ ẹ̀wà, a bu omi sí wọn, a kó ewéko náà sínú rẹ̀ kí gbòǹgbò wọn má bàa gbẹ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn gbìn. Miss Carol kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí ewéko hàn wọ́n. Bàbá mi ń fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́: "A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ." Màmá mi rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé. Àwọn kan kú nínú ewéko náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ mú, ilẹ̀ wa sì dúró.

Iṣẹ́ Miss Carol ni mò ń ṣe báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo lọ wo ohun tí a gbìn sẹ́yìn ilé màmá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní ìlú Lansing tí kò jìnnà sílé wa. Wọ́n ti fà á tu pátá, wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n sì gbé àga kan sílẹ̀ dè mí.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Mo ti clean gbogbo ẹ̀ dè ẹ́."

Ọmọ tójú ń tì nígbà yẹn ì bá wá ibi sá sí. Èmi kúnlẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, torí wọ́n ti kí mi káàbọ̀ tán kí n tó dé. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní bàsíà.