Àpótí Tó Kúrò Níwájú Rédíò

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Ṣẹ̀rífátù ẹlẹ́ja. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ pàdánù.

Ìyá Mùlíkátù la máa ń pè é ní Ìtamaga, ní Ìkòròdú níbí. Ẹja ló ń yan. Ní òwúrọ̀ gbogbo Jímọ̀, ó máa ń wọ ọkọ̀ lọ́rì gba Àgbówà lọ sí Ẹ̀pẹ́, á ra ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, á sì ti padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ta ẹja àná fún un. Á ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pupa, á tẹ ikùn rẹ̀, á wá bi ẹni tó ń tà á pé: níbo lo ti pa á, ìgbà wo lo pa á, ta lẹ jọ wà nínú ọkọ̀? Bí ìdáhùn kan bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti gbé igbá rẹ̀, ó ti ń lọ.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni rédíò wá bá ládùúgbò lọ́dún 1956.

Sànúsí télọ̀ ló rà á, oní-bátìrì ni, ó sì gbé e ka orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo Àlàmísì, eré kan máa ń wá lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Ìwé Ilẹ̀ Bàbá Onígi." Bàbá olówó kan tó ń ta pákó jí lọ́jọ́ kan, kò rí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ta ló jí i: akọ̀wé rẹ̀ ni, dírẹ́bà rẹ̀ ni, kúùkù tó ń se oúnjẹ rẹ̀ ni, àbí ìyàwó kékeré rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá gbáko ni wọ́n fi ń bi wá. Nǹkan náà wọ̀ wá lára débi pé èmi fúnra mi fi áyọ́ọ̀nù jó ṣòkòtò Iléyá mi níbi tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ dírẹ́bà bàbá náà.

Àpótí kékeré kan wà níwájú rédíò. Orí ẹ̀ ni Ìyá Mùlíkátù máa ń jókòó sí, etí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú rédíò tán. Èyí ń bí Tàjùdéèn, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì títì, nínú.

"Ìyá Mùlíkátù," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ̀yìn yín nìkan là ń wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Tàjù, gbígbọ́ la ń gbọ́ rédíò. Kí lo fẹ́ fi ojú wò níbẹ̀?"

"Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ ọn jù, ta ló jí ìwé náà?"

"Akọ̀wé ni. A ò tíì bi í léèrè tó ti ń sọ pé òun ò mọ nǹkan kan."

"Kúùkù ni. Ṣé ká fi àpótí yìí ṣe é? Tó bá jẹ́ akọ̀wé, ẹ jókòó síbẹ̀ títí láé. Tí kì í bá ṣe akọ̀wé, ẹ̀bá gọ́tà níta lẹ ó ti máa gbọ́ eré mìíràn."

"Mo gbà. Gbogbo yín lẹlẹ́rìí."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí eré parí, ni wọ́n bá kéde pé Orò á jáde ní Àlàmísì tí eré máa parí gan-an, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ̀ pé kò sóbìnrin tó gbọ́dọ̀ yọjú síta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Mùlíkátù lọ bá Sànúsí.

"Bàbá télọ̀, ṣé ohùn rédíò yín ò lè dé ilé mi?"

"Ilé mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín wa."

"Mo mọ̀. Mo ti kà á." Ó mí kanlẹ̀. "Orò ti wà kí rédíò tó dé. Ẹ ṣáà bá mi gbọ́ ọ dáadáa."

Nígbà tí Àlàmísì pé, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwa ọkùnrin mẹ́rìnlá kún inú ìsọ̀ Sànúsí, Tàjù sì gorí àpótí bí ọba. Eré dùn débi pé a ò mí. Ìgbà tí ọlọ́pàá inú eré wá sọ pé, "Ẹni tó gbé ìwé yìí wà nínú yàrá yìí," ni Tàjù bá ní, "Kúùkù ni, mo ti wí." Síkírù onígbàjámọ̀ ní irọ́ ni, dírẹ́bà ni. Sànúsí ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́, ìyàwó kékeré ni. Kálukú bá ń sọ tiẹ̀. Nígbà tá a máa fi dákẹ́, orin ló ń dún. Eré ti parí.

"Ta ni wọ́n pè?" Sànúsí béèrè. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ.

Ojú tì wá. A wá pinnu pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìyá Mùlíkátù mọ̀ pé a ò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tá a gbàgbé ni pé ká fẹnu kò sórí irọ́ kan.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Jímọ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ń lọ sí gárèèjì, ó sì yà lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tàjù ní kúùkù ni. Síkírù ní dírẹ́bà ni. Sànúsí ní ìyàwó kékeré ni. Ó bá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ síwájú ìsọ̀.

"Síkírù, nígbà tí wọ́n mú dírẹ́bà, kí ni akọ̀wé sọ?"

Síkírù wojú ọ̀run. "Ó ní... ó kí i kú oríire."

"Ó kí olè kú oríire." Ó wò wọ́n yíká. "Ẹja mẹ́ta látinú odò kan, kò sí èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa. Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ariwo ni, Ìyá Mùlíkátù," Sànúsí jẹ́wọ́.

"Ariwo ta ni? Obìnrin kankan ò ṣáà sí níbẹ̀."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí Orò ní Ẹ̀pẹ́ ní Àlàmísì náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fàlílátù sì ń gbọ́ eré náà nílé tíṣà kan níbẹ̀. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ máa fi lẹ́, gbogbo wa ti pé sí ìsọ̀, à ń retí agbọ̀n ẹja bí ẹni ń retí ìyàwó.

Ó dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ní kí Tàjù dìde lórí àpótí, ó gbé àpótí náà jáde, ó gbé e sẹ́bàá gọ́tà, ó sì jókòó lé e.

"Akọ̀wé kọ́," ló wí. "Bàbá Onígi fúnra rẹ̀ ló fi ìwé náà pamọ́."

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe kúùkù náà," Tàjù wí jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe kúùkù."

"Ìyá Mùlíkátù, ẹ̀ bá ti sọ pé akọ̀wé ni. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Èmi ì bá mọ̀. Èmi tí mi ò kì í ra ẹja àná, ṣé èmi ni n ó wá máa tà á?"

"Kí ló dé tí bàbá fi fi í pamọ́?" Sànúsí béèrè látinú ìsọ̀. "Níbo ló fi í sí? Báwo ni ọlọ́pàá ṣe mọ̀?"

"Mi ò gbọ́ yín. Ẹ̀bá gọ́tà ni mo wà."

Síkírù ló kọ́kọ́ gbé bẹ́ǹṣì jáde. Sànúsí tẹ̀ lé e. Tàjùdéèn ò rí nǹkan gbé mọ́, ó kúkú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Mùlíkátù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, ó ń fi ohùn bàbá sọ̀rọ̀, ó ń fi ohùn ọlọ́pàá dáhùn, títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì. Kò sẹ́ni tó pariwo.

Ní Àlàmísì kejì, tí eré tuntun bẹ̀rẹ̀, ó tún lọ jókòó sẹ́bàá gọ́tà nítorí àdéhùn ni. Kò wá sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ eré níbi tí Ìyá Mùlíkátù ò sí. Tàjù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé rédíò lọ sójú fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ sí títì.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Ìtamaga ní Àlàmísì tó bá wù yín, ẹ béèrè ìsọ̀ Sànúsí télọ̀, kí ẹ wá fojú ara yín wo ibi tí iwájú wà báyìí. Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀ tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀.