Tuda Tó Kó Akọ Dàbínù Wá sí Tamerut

Kí Tuda tó dé Tamerut, obìnrin kan ò gun igi dàbínù rí níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ló kó iyanrìn kúrò, tí wọ́n la ojú omi láti ẹsẹ̀ òkè, tí wọ́n sì gbin dàbínù. Nítorí pé abo ló ń so, abo ni wọ́n gbìn káàkiri. Ìwọ̀nba akọ ló wà lẹ́bàá odi. Lọ́dún kan, iná jó gbogbo akọ náà. Òdòdó abo là tán, kò sí àtíkè inú òdòdó akọ tí a ó gbọ̀n sí i kó lè so.

Akọ pọ̀ ní Anzal, ìlú tó múlé tì wá, ṣùgbọ́n ìjà àtijọ́ ò jẹ́ kí ìlú méjèèjì máa kíra. Bassu, ọ̀dọ́kùnrin aláwàdà kan nílùú wa, gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ síbẹ̀. Ito, ìyá Tuda, ló bá lóko.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò mọ̀ wá rí, kí lẹ wá ṣe?"

"Ọkọ la wá tọrọ, Ìyá. Àwọn ìyàwó ti múra tán, wọn ò rẹ́ni gbé wọn."

Ito rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó gé òdòdó akọ, ó dì í sáṣọ, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. "Tuda, ìwọ àti àbúrò bàbá rẹ, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹnu ọmọ yìí dùn, n ò tíì mọ ti ọwọ́ rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé Tamerut, bàbá àgbà kan dí ìdí igi tí Tuda fẹ́ gùn. "Obìnrin kì í gùn ún níbí."

Tuda ká aṣọ mọ́ ìdí. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin ẹ gùn ún, kí n máa tì yín látìsàlẹ̀."

Bàbá wo orí igi, ó wo orúnkún ara rẹ̀, ó yẹra.

Igi kan tẹ̀ lé òmíràn ni Tuda ń gùn, tó ń so òdòdó akọ mọ́ abo, títí àtíkè fi kún ojú rẹ̀. Bassu ń fún un lókùn nísàlẹ̀, ó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lásìkò ìkórè, Bassu gbé ìdì dàbínù àkọ́so lọ fún Ito.

"Ó dùn," ni Ito wí. "Àwọn ìyàwó yẹn ti rọ́kọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Ohun tí mo tún bá wá nìyẹn, Ìyá."

Tuda dáhùn látinú ilé: "Mo ti gbọ́. Kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá."

Ìlú méjèèjì jọ jẹ oúnjẹ kúsúkúsù ìgbéyàwó náà. Tuda gbin akọ sí etí gbogbo oko wa, ó sì kọ́ àwa ọmọbìnrin bí a ṣe ń gun igi náà. Ní àsìkò òdòdó tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Ó ní òun ti gbọ́. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti dé àárín igi.