Ọ̀gá Eré Tí Kì Í Jókòó

Bí mo bá gbọ́ tí bàtà ń dún pá-pá-pá, ọ̀gá eré wa ni mo máa ń rántí. Kì í jókòó. Ó ń jẹun lóòró, ó ń pariwo lóòró: "Kámárádì, gbóhùn sókè! Ẹni tó bá jókòó ni wọ́n ń rí wọ́ lọ."

Òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó gorí ìtàgé ní Ìfọ̀nyìn láyé Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì. Ọkùnrin ló ń ró ìró ṣe ìyàwó tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ sáré gòkè láti wọ́ ọ lọ sílé. Ọmọ kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Wàá gbó, wàá tọ́," ni bàbá dáhùn kó tó rántí ìbínú rẹ̀.

Ta ló máa wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ súre fún?

Bàbá jókòó, ó wo eré náà tán. Ọmọ ni kò jókòó mọ́ láti ọjọ́ náà.